Béèsì ń pe kíbọ́ọ̀dù, kíbọ́ọ̀dù ń pẹ́ dáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Béèsì olókùn mẹ́rin ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ti jápa lọ sí London láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kíbọ́ọ̀dù wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo wá ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ ohùn béèsì di MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí n lè máa fi gìtá mi mú ohùn piano àti strings jáde nínú kíbọ́ọ̀dù náà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohùn ń pẹ́ kó tó jáde, pàápàá lórí okùn tó nípọn jù. Nígbà míì, nóòtì tí n kò tẹ̀ ni yóò dún. Ṣé ẹ̀rọ tí mo rà ni kò dáa? Ṣé kí n tà á, kí n fowó kún owó rẹ̀, kí n ra ti olówó ńlá?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì ta nǹkan kan. N kò rí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ, n kò lè búra fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dà ọ́ láàmú lórí okùn E, èyí tó nípọn jù yẹn, ọwọ́ okùn náà fúnra rẹ̀ ló ti wá. Ẹ̀rọ olówó ńlá á dín in kù díẹ̀, kò ní pa á rẹ́. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ hàn ọ́, torí bí o bá ti mọ ibi tí ìdúró náà ti ń wá, wàá mọ ibi tí wàá gbà yí i po.

Bí èèyàn bá tẹ kọ́kọ́rọ́ kan lórí kíbọ́ọ̀dù, kíbọ́ọ̀dù kò ní ohunkóhun láti rò. Kọ́kọ́rọ́ wọlẹ̀, ó kan ibi tó yẹ kó kàn, ọ̀rọ̀ parí. Gìtá kò ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà láàárín gìtá àti kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fetí sí okùn, kó mọ bó ṣe ń yára gbọ̀n tó, kó tó lè sọ pé E nìyí tàbí A nìyí. Okùn E rẹ, bí o kò bá tẹ fret kankan (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ń gbọ̀n ní ìgbà 41 nínú sẹ́kọ́ǹdì kan. Ìgbọ̀n ẹyọ kan, àlọ àti àbọ̀, gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 24. Mílísẹ́kọ́ǹdì 1,000 ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdì kan. Ìgbọ̀n kan ṣoṣo kì í dá ẹ̀rọ lójú. Ó sábà máa ń fẹ́ gbọ́ méjì kó tó lanu sọ̀rọ̀. Méjì ti di 48 tàbí 49. Fi àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ṣírò kún un, o ti kọjá 50.

Wàá ní kí ni 50 jẹ́ nínú 1,000? Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Mílísẹ́kọ́ǹdì 50 jẹ́ mítà 17. Ìyẹn ni pé o dúró lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi àlejò jókòó. Bí orin bá sì ń lọ ní bíìtì 120 nínú ìṣẹ́jú kan, ìdá mẹ́rin bíìtì kan kò ju mílísẹ́kọ́ǹdì 125 lọ. O ti jẹ ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ kí ohùn tó jáde. Onílù kò ní bá ọ jà. Yóò kàn máa wò ọ́ ni, bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Wá wo àwọn okùn yòókù. Okùn A ń gbọ̀n ní ìgbà 55, ìgbọ̀n kan rẹ̀ gba mílísẹ́kọ́ǹdì 18. D ń gbọ̀n ní 73, ó gba 14. G ń gbọ̀n ní 98, ó gba 10. Tí o bá wá tẹ okùn G ní fret kejìlá, ó di 196, ìgbọ̀n kan kò gbà ju 5 lọ. Ẹ̀rọ gbọ́ méjì, 10 péré ni, etí ọmọ èèyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kan náà ni o, owó kan náà. Ibi tí ìka rẹ wà lórí gìtá nìkan ló yí padà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà ọ́ níyànjú pé kí o lọ ra béèsì olókùn márùn-ún fún iṣẹ́ yìí, dá a lóhùn pé o ṣeun. B tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ní bíi 31, ìgbọ̀n kan rẹ̀ gba 32.

Má sì di ẹ̀bi náà ru MIDI. MIDI ti wà láti 1983, ó sì ń gbé bit 31,250 kọjá nínú sẹ́kọ́ǹdì kan. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ fún kíbọ́ọ̀dù pé “tẹ nóòtì báyìí, tẹ̀ ẹ́ báyìí le tó” kò gbà tó mílísẹ́kọ́ǹdì kan lójú ọ̀nà. Ìránṣẹ́ ò pẹ́. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni kò tètè mọ ohun tó fẹ́ wí.

Ní ti nóòtì tí o kò tẹ̀: fetí sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìka rẹ bá kúrò lára okùn. Kí okùn tó fìdí ohùn rẹ̀ múlẹ̀, ariwo kan á kọ́kọ́ jáde, “tùk” báyìí. Ìka ló ha okùn lára, tàbí okùn ló gbá fret. Ariwo yẹn kò ní orúkọ nínú dò-ré-mì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kánjú á sọ ọ́ lórúkọ tipátipá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, okùn béèsì kì í dún ní ohùn ẹyọ kan. Nínú E yẹn, E tó ga jù ú lọ ń dún lábẹ́lẹ̀, B kan tún wà lókè ìyẹn. Bí o bá ń ta okùn nítòsí bridge, ibi tí okùn gbé jókòó lára gìtá nísàlẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí á lágbára ju ìyá wọn lọ, ẹ̀rọ á sì mú ọmọ fún ìyá. Ìdí nìyẹn tí piano rẹ fi ń fò sókè octave kan, láti E dé E tó tẹ̀lé e, lójijì. Sún ọwọ́ rẹ sápá ibi tí ọrùn gìtá ti parí, kí o máa fi ẹran orí ìka ta á, kì í ṣe èékánná. Slap ńkọ́, ìyẹn kí èèyàn máa fi àtàǹpàkò gbá okùn? Gbàgbé slap ní ọjọ́ tí o bá ń ṣe èyí.

Okùn tí o kò ta gbọ́dọ̀ kú pátápátá. Irú ẹ̀rọ kékeré tí o ṣàpèjúwe yẹn, ohùn kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí okùn méjì bá dún pọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ọmọ tí ìyá méjì ń bá wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó bá rí ni yóò sá sí. Àwọn ọ̀gá béèsì ní ọgbọ́n kan tó rọrùn: ribọ́ọ̀nù rírọ̀ tí àwọn obìnrin fi ń di irun, wọ́n á fi dì í yí ọrùn gìtá ká, lókè fret àkọ́kọ́, kó máa tẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́jẹ́. Okùn tí ìka rẹ kò tẹ̀ kò ní lè dún mọ́. Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ribọ́ọ̀nù pupa lórí gìtá, àmọ́ ẹ̀rọ rẹ á sinmi.

Nóòtì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ nípa rẹ̀ lọ́tọ̀, G ni. Iná ilẹ̀ wa, ti NEPA ni o, ti jẹnẹrétọ̀ ni o, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú sẹ́kọ́ǹdì kan. G tó wà ní fret kẹta lórí okùn E ń gbọ̀n ní 49. Ìwọ fúnra rẹ wo bí wọ́n ṣe súnmọ́ra. Bí wáyà earth kò bá dáa, tí sípíkà ń kùn yùnmùyùnmù lábẹ́lẹ̀, etí ẹ̀rọ rẹ ń gbọ́ G láìdáwọ́dúró.

Ọ̀nà ìtìjú ni mo gbà kọ́ èyí. Ní ìsọjí kan tí wọ́n pè mí sí, mo so béèsì mọ́ synth, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn orin, ohùn strings ni mo yàn. A kọrin títí ní key F-sharp, a dákẹ́, àdúrà bẹ̀rẹ̀. Èmi náà pa ojú dé, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn. Ìgbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò gan-an ni wàhálà dé, torí ọwọ́ èèyàn lára okùn wà lára ohun tó ń pa kíkùn iná náà mọ́lẹ̀. Strings bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀. G ni! Ẹni tó ń tẹ organ sì ti di F-sharp mú jẹ́jẹ́ lábẹ́ àdúrà. G lórí F-sharp dà bí òkúta nínú ìrẹsì. Alàgbà tó ń gbàdúrà la ojú kan, ó wo apá ọ̀dọ̀ wa, ó tún pa á dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tìnnì kiri bí ẹni tí eku kó sí lábẹ́ aṣọ.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ rẹ bá ní bọ́tìnnì “Sensitivity”, fà á wálẹ̀ títí ìkùn yẹn kò fi ní lè jí i, tí ìka rẹ á sì ṣì lè jí i. Má ra wáyà olówó pọ́ọ́kú fún gìtá. Ọwọ́ kì í kúrò lórí okùn bí orin bá dákẹ́. Bí gìtá rẹ bá jẹ́ irú Precision, tí pickup rẹ̀, etí tó fi ń gbọ́ okùn, pín sí méjì, ó ti ń pa ìkùn náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú Jazz, pickup méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí dọ́gba kí ìkùn tó kú. Èmi ì bá fẹ́ kí o lo ti ọrùn nìkan, torí ibẹ̀ ni ohùn ìyá ti ń lágbára jù, àmọ́ níbi tí iná bá ti burú, fi méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá, níbi tí wọ́n ti máa ń fi owó àwọn ọ̀dọ́ olórin ṣe yẹ̀yẹ́. Irú ẹ̀rọ tìrẹ ni èyí tó ń gba wáyà gìtá lásán, tó ń gbọ́ nóòtì kan lẹ́ẹ̀kan. Sonuus B2M wà nínú ìdílé yẹn. Ìbátan wọn kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú, ètò orí kọ̀ǹpútà àti iPhone ni, irú MIDI Bass tí ilé iṣẹ́ Jam Origin ṣe. Bí o bá gba ọ̀nà kọ̀ǹpútà, má gbàgbé pé kọ̀ǹpútà ní ìdúró tirẹ̀ tó máa fi lé ti okùn. Lọ síbi tí wọ́n kọ “buffer” sí, gbé e wá sí 128. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 nínú sẹ́kọ́ǹdì kan, mílísẹ́kọ́ǹdì 2.7 nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó fi í sílẹ̀ ní 1,024, tó ń bú okùn gìtá rẹ̀.

Ìdílé kejì ni ti Roland àti Boss: pickup pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi sítòsí bridge, tó ní etí lọ́tọ̀ fún okùn kọ̀ọ̀kan. GK-3B ni ti béèsì tí àwọn èèyàn mọ̀ jù. Wáyà rẹ̀ tó nípọn, oníhò 13, ló ń so ó mọ́ irú ẹ̀rọ bíi GR-55. Ní 2023 Boss gbé GM-800 jáde, tí ó ń lo irú pickup tuntun, GK-5B fún béèsì. Èrè ibẹ̀ pọ̀. Okùn méjì lè dún pọ̀ kí ẹ̀rọ má ṣì wọ́n mú, o lè fi okùn E ta béèsì kí G máa mú strings jáde, o sì lè fún okùn kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn E níbẹ̀, okùn E náà ni. Ìgbà 41 ló ń gbọ̀n lọ́dọ̀ olówó, ìgbà 41 ló ń gbọ̀n lọ́dọ̀ tálákà.

Ọ̀kan wà tó pa ìdúró yẹn ní ti gidi, òun sì ni mo fẹ́ràn jù láti sọ ìtàn rẹ̀. Ará Ọsirélíà kan, Steve Chick, rò ó pé kí ló dé tí a ń dúró de okùn kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tí ìka ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Ó gé fret sí wẹ́wẹ́, okùn kọ̀ọ̀kan ní ègé tirẹ̀ lábẹ́, iná kékeré sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí o bá ti tẹ okùn tó fi kan fret, ẹ̀rọ ti mọ nóòtì. Kí o ta á nìkan ló kù, kó mọ ìgbà tí yóò dún àti bí yóò ṣe le tó. Béèsì wá di kíbọ́ọ̀dù tó ní okùn. Wal ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ọgbọ́n yẹn, Peavey ní Amẹ́ríkà náà lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 fún MidiBase àti Cyberbass. Bí o bá rí ọ̀kan lọ́jà tòkunbọ̀, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé ta ni yóò tún un ṣe ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí fret kan bá kọ̀ láti gbé iná, kí o tó fọwọ́ sápò.

Ìdílé kan kù tí kò bá MIDI ṣe rárá. Pẹ́dàlì bíi Boss SY-1 kì í béèrè orúkọ nóòtì. Ohùn okùn rẹ gan-an ló ń gbà, tó ń gé, tó ń tẹ̀, tó fi ń dún bíi synth. Kò ní ìdúró tí wàá mọ̀ lára. Àmọ́ kò lè fún ọ ní piano, kíbọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ yẹn kò sì ní bá a dún. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí o ń wá ni béèsì tó rọ̀, tó ń sọ “wáò”, irú èyí tó kún inú orin àwọn ọdún 1980, èyí ni mo máa ní kí o rà láìròó lẹ́ẹ̀mejì. Strings àti piano inú kíbọ́ọ̀dù yẹn ni o bèèrè, nítorí náà a ò ní dúró síbí.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ohun tí màá ṣe nìyí. Màá gbàgbé piano. Piano kì í fara balẹ̀: òòlù kan, ohùn ti jáde ní kíkún, bó bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo èèyàn á mọ̀. Strings, pad (ohùn tó ń tẹ́ rọra sábẹ́ orin), àti organ tí ń wọlé jẹ́jẹ́, àwọn yẹn gan-an máa ń pẹ́ gòkè, ìdúró tìrẹ á sá sábẹ́ tiwọn. N kò sì ní pa ohùn béèsì mi. Ra wáyà Y, pín gìtá sí méjì: ẹsẹ̀ kan lọ sí amp béèsì tààrà, ẹsẹ̀ kejì lọ sí ẹ̀rọ MIDI. Etí á gba “dùm” tó ti amp jáde bí ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì, strings á wá tẹ̀lé e wọlé. Àwọn tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé ẹnì kan pẹ́ dé.

Lẹ́yìn náà, pa pitch bend, ohun tó ń mú kí nóòtì máa fà sókè sódò, lórí ẹ̀rọ rẹ. Lára àwọn kan, “chromatic” ni wọ́n ń pe ipò tí pitch bend ti kú. Bí o bá fi pitch bend sílẹ̀, gbogbo gbígbọ̀n ìka rẹ ni ẹ̀rọ yóò máa rò fún kíbọ́ọ̀dù, strings á sì máa mì bí ọ̀mùtí. Bí ó bá di ọjọ́ tí o fẹ́ fi ohùn synth kan ṣe lead, tí o fẹ́ kó máa fà bíi gángan, nígbà náà kí o ṣí i, kí o sì rí i dájú pé nọ́ńbà kan náà wà lára ẹ̀rọ àti kíbọ́ọ̀dù. Bí ọ̀kan bá ń ka 12 tí èkejì ń ka 2, àdúgbò méjì ni wọ́n ń gbé.

Ṣé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ nóòtì kan lẹ́ẹ̀kan lè ta chord, ìyẹn nóòtì bíi mẹ́ta tó ń dún pọ̀? Ó lè ṣe é, bí kíbọ́ọ̀dù bá bá ọ dì í mú. Bí kíbọ́ọ̀dù yẹn bá ní ihò fún pẹ́dàlì sustain, so pẹ́dàlì mọ́ ọn. Lórí kíbọ́ọ̀dù, gbé transpose sókè octave kan, torí C àárín kíbọ́ọ̀dù, tí MIDI ń pè ní 60, fret 17 lórí okùn G ló wà, ọwọ́ rẹ kò sì gbọ́dọ̀ máa gun òkè tó bẹ́ẹ̀. Wá tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì, kí o sì ta fret 5, fret 9 àti fret 12 lórí okùn G kan ṣoṣo, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. C, E, G. Kò sí èyí tó kú, pẹ́dàlì ló mú wọn; chord C major ti dúró. Bí o bá fẹ́ C minor, 5, 8, 12 ni. Gbé odindi rẹ̀ síwájú fret méjì, ó di D. Gbogbo rẹ̀ sì wà lórí okùn tó yára jù, nítorí náà ìdúró tí o ń sunkún lé lórí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Chord ti dúró, ó kan kí o ta béèsì sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ béèsì yẹn. Pẹ́dàlì tuner tí o fi ń tún okùn ṣe ló máa gbà ọ́. Fi sí ẹsẹ̀ wáyà tó lọ sí ẹ̀rọ MIDI, má fi sí ti amp. Bí o bá ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ tuner, púpọ̀ nínú wọn máa ń pa ohùn. Ẹ̀rọ MIDI di odi, amp ń sọ̀rọ̀ lọ. Ta béèsì rẹ bí o ṣe ń ta á tẹ́lẹ̀. Tí chord bá fẹ́ yí padà, gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò, tẹ pẹ́dàlì sustain padà, ṣí tuner, ta nóòtì mẹ́ta mìíràn, kí o sì tẹ tuner padà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ á máa dàrú bí ẹni tó ń kọ́ mọ́tò. Orin ìjọsìn tó ń fara balẹ̀, tí chord kan ń dúró fún bíìtì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, ni èyí wà fún. Bí wọ́n bá gbé orin ijó, pa ẹ̀rọ náà, kí o máa ta béèsì. Kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe dandan níbi tí àgídìgbo bá wà.

Sùúrù díẹ̀ o: àwọn kíbọ́ọ̀dù kan wà tí pẹ́dàlì sustain wọn kì í mú nóòtì tó bá gba MIDI wọlé, àyàfi èyí tí ọwọ́ bá tẹ̀. Dán tìrẹ wò nílé. Bí kò bá mú un, yí channel tí ẹ̀rọ rẹ ń fi ránṣẹ́ padà, láti 1 títí dé 16. Nígbà míì ọ̀kan nínú wọn ló ń dé ibi tí pẹ́dàlì náà ti ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ fún ọ pé kíbọ́ọ̀dù tó ń dá orin tẹ̀lé olórin, bíi ti Yamaha, lè mọ chord fúnra rẹ̀ láti ara nóòtì kan. Òótọ́ ni, “single finger” ni wọ́n ń pè é, àwọn kan nínú wọn sì gbà kí nóòtì náà gba MIDI wọlé. Ṣùgbọ́n nóòtì kan ṣoṣo, major nìkan ló máa fún ọ. Minor ń fẹ́ kí o fi kọ́kọ́rọ́ dúdú tó súnmọ́ ọn lápá òsì kún un, béèsì tó ń sọ ohùn kan lẹ́ẹ̀kan kò sì lè ṣe ìyẹn. Orin wo ni wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tí kò ní minor nínú?

Bí ẹ̀rọ rẹ bá tún ń kọ̀ láti dé kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ míì, yẹ wáyà wò kí o tó bú ẹnikẹ́ni. MIDI OUT ti ẹ̀rọ ló ń lọ sí MIDI IN ti kíbọ́ọ̀dù. Orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Bí o bá sì fẹ́ pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ iwájú, wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí o tó sanwó. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun kò ní ihò oníhò márùn-ún yẹn mọ́, USB tí wọ́n kọ “To Host” sí nìkan ni, ìyẹn kì í bá irú ẹ̀rọ tìrẹ sọ̀rọ̀ tààrà àfi kí kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ Saturday tó ṣú, ribọ́ọ̀nù, wáyà Y, strings dípò piano, pitch bend pípa, kí o sì jókòó ti fret 5, 9 àti 12 yẹn fún wákàtí kan. Bí G bá ṣì ń dún fúnra rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, pa jẹnẹrétọ̀, so gbogbo rẹ̀ mọ́ inverter tàbí kí o fi bátìrì sínú ẹ̀rọ kékeré náà tó bá ń lo bátìrì, kí o tún gbọ́ ọ. Bí ó bá dákẹ́, iṣẹ́ dé ọwọ́ oníná ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí kò bá dákẹ́, kọ̀wé sí mi, kí o sì sọ irú pickup tó wà lára gìtá rẹ.